Sí Bọ́sẹ̀dé, Lórí Wáyà Méjì Tó Gba Nọ́ńbà Ara Wọn

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Bọ́sẹ̀dé, Àyìnkẹ́ mi,

Láti ìgbà tí o ti wọ mọ́tò padà sí ìhà Ìdó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìyá rẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí o fi iyán sílẹ̀ láì jẹ ẹ́ tán. Mo ní bóyá inú ló ń run ọ́. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni o sọ ọ̀rọ̀ náà fún lábẹ́ igi ọsàn, o sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ. Ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo, n kò sì fẹ́ kí ìwọ nìkan máa rù ú títí di Ọjọ́bọ̀. Mo rò ó pé kí n pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì ọ̀dọ̀ yín kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ gbólóhùn mẹ́ta pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Mo jókòó láti kọ ọ́. Kà á dé ìparí kí o tó ro ohun tí o máa ṣe.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ohun tí o sọ fún mi sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè tún un ṣe bí mo bá ṣì í gbọ́. O mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Oṣù kẹrin rẹ nìyí nílé ìwòsàn náà. Ìwọ ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Fìríìjì méjì ló wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀kan ń mú abẹ́rẹ́ tutù, kò sì gbọdọ̀ mú un dì. Èkejì ń mú omi di yìnyín tí wọ́n fi ń gbé abẹ́rẹ́ lọ sí àwọn abúlé. O ti irin kékeré tó ń mọ òtútù bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, o fi wáyà USB kọ̀ọ̀kan so àwọn irin náà mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, kọ̀ǹpútà sì ń kọ bí wọ́n ṣe tutù tó sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Nínú ètò tí o kọ, o lo nọ́ńbà tí Linux fún wáyà kọ̀ọ̀kan: o ní ttyUSB0 ni fìríìjì abẹ́rẹ́, ttyUSB1 ni fìríìjì yìnyín. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n yìn ọ́, o sì pè wá láti sọ fún wa pé wọ́n yìn ọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, iná ọba lọ ní ọ̀sán, kọ̀ǹpútà bá a kú, kò sì tó wákàtí kan tí iná fi padà dé, tí kọ̀ǹpútà sì tún tàn. Nígbà tí ọ̀gá yín wo ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, ó rí i pé fìríìjì abẹ́rẹ́ ti dì gbagidi. Ó ní nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú yàrá náà, tí gbogbo yín ń pè ní Màmá Abẹ́rẹ́, ló fọwọ́ yí bọ́tìnì òtútù. Màmá ní òun kò fọwọ́ kàn án. O fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó sì dà bí ẹni pé mo gbọ́ ọ: "Ẹ wá mi ìgò wò, Dókítà. Abẹ́rẹ́ tó bá ti dì rí, tí ẹ bá mì í, yóò sẹ́dìí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀ ìgò. Èyí ò sẹ́dìí. Ọwọ́ mi yìí ti di ìgò mú kí wọ́n tó bí yín." Ọ̀gá sì ní, "Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́."

Wọ́n ti yàrá náà pa. Wọ́n dá àwọn ìyá ọlọ́mọ padà sílé. Wọ́n sì ní kí Màmá Abẹ́rẹ́ wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ku oṣù méjì kí ó fẹ̀yìn tì.

O sọ èyí tán, o wolẹ̀, o ní, "Bàbá, mo rò pé èmi ni. Mo rò pé àwọn nọ́ńbà yẹn ló yí."

Mo ní, "Ta lo ti sọ fún?"

O ní, "Ẹ̀yin nìkan, sà."

Ọmọ mi, láti ìgbà tí o ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ìgbà tí ẹ̀rù bá bà ọ́ nìkan lo máa ń pè mí ní sà.

Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn, ìyẹn wáyà. Èyí tó le yóò tẹ̀lé e.

O gbàgbé àpò pupa rẹ sórí àga pálọ̀. Mo tú u, má bínú. Wáyà méjì tó kù nínú páálí ló wà níbẹ̀, irú kan náà pẹ̀lú àwọn tí o lò níbi iṣẹ́, àti ìwé ọjọ́ Ẹtì yẹn, ojú ìwé méjì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ àtijọ́ sì wà lọ́dọ̀ mi, èyí tí o fi Linux sí kí n lè máa fi kọ ìtàn ìjọ wa. Nítorí náà, lánàá, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ti wáyà bọ ihò, mo ń fà á yọ, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé.

Ìyá rẹ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró. Ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé ìyàwó kejì lẹ fẹ́ fi wáyà yìí ṣe ni?"

Mo ní, "Méjì ni wọ́n. Ìyàwó kejì àti ìkẹta."

Ó ní, "Ẹ rọra o. Àwọn méjèèjì jọra jù. Ẹ ó máa fi orúkọ ìkejì pe ìkẹta, wọn ó sì da oúnjẹ yín nù."

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Kò mọ̀ pé òun ti sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn yín tán.

Ohun tí mo rí nìyí. Linux kì í bi wáyà léèrè ẹni tó jẹ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò fún un ní òdo. Èyí tó tẹ̀lé e, yóò fún un ní ení. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ti wáyà A bọlé, A ni ttyUSB0. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ti B bọlé, B ni. Mo wá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú ihò, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, ní ìgbà ogún. Ní ìgbà méjìdínlógún, A ló mú òdo. Ní ìgbà méjì, B ló mú un, èmi kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgbà méjì nínú ogún, Bọ́sẹ̀. Irú àléébù tó burú jù nìyẹn, nítorí pé yóò ṣe dáadáa fún ọ títí wàá fi fọkàn tán an. Ohun mìíràn tún wà. Bí ètò kan bá ṣì ń ka wáyà lọ́wọ́, tí mo fa wáyà náà yọ, tí mo tún un tì bọlé, kì í gba nọ́ńbà rẹ̀ padà. Nọ́ńbà tuntun ni wọ́n ń fún un, ttyUSB2, bí ẹni tó jáde lọ tọ̀, tó padà bá a pé wọ́n ṣì fi aṣọ rẹ̀ gba àga sílẹ̀ fún un, tí wọ́n sì ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Bí o bá kọ dmesg, bí o ṣe kọ́ mi, kọ̀ǹpútà yóò fúnra rẹ̀ sọ fún ọ ẹni tí ó fún ní nọ́ńbà wo.

O lè ti mọ gbogbo èyí jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn rántí ohun tó mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Rántí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Odò-Orò, níbi tí ìyá ìyá rẹ máa ń rán ọ lọ ní àsìkò ìsinmi. Abọ́ ló ń tò síbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Bí òjò bá dé, gbogbo wọn á gbé abọ́ sá, wọ́n á sì tún un tò nígbà tí òjò bá dá, ẹni kẹta àárọ̀ lè di ẹni kìíní ọ̀sán. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbé ẹ̀gẹ́ ẹlòmíì lọ sílé, nítorí pé ipò kọ́ ni wọ́n fi ń mọ abọ́. Wọn á gbé e sókè, wọn á wo ìdí rẹ̀. Ojú ìṣó mẹ́ta ni ti ìyá ìyá rẹ, pẹ̀lú ọ̀dà pupa.

Nítorí náà, wo ìdí wáyà rẹ. Àwọn wáyà kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n ti kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí wọn nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Tìrẹ kò ní. Mo bi àwọn méjèèjì léèrè. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n dá mi lóhùn, irú kan náà. Níbi tí nọ́ńbà ara ẹni yẹ kó wà, òfìfo ni. Ìyá rẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n jọra jù. Bí abọ́ kò bá wá ní àmì, ilé tí ó ti jáde la ó fi mọ̀ ọ́n. Ihò tí wáyà wọ̀ kì í yí nọ́ńbà. Mo kọ gbólóhùn méjì sínú fáìlì kan ní /etc/udev/rules.d, níbi tí Linux ti ń ka òfin orúkọ: wáyà tó bá gba ihò apá òsì wọlé, kí orúkọ rẹ̀ máa jẹ́ abere, èyí tó bá gba ihò apá ọ̀tún wọlé, kí ó máa jẹ́ yinyin. Mo wá tún kọ̀ǹpútà tàn ní ogún ìgbà mìíràn. Nọ́ńbà yí lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ kò yí rárá. Jẹ́ kí ètò rẹ máa ka /dev/abere àti /dev/yinyin, kí o sì gbàgbé òdo àti ení pátápátá.

Nǹkan méjì ló kù lórí wáyà. Bí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá fa àwọn wáyà náà yọ, tó sì gbé ọ̀kan bọ ihò èkejì, orúkọ yóò bá ihò lọ, wàhálà ọjọ́ Ẹtì á tún padà. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyá rẹ sínú àpò rẹ, tí awakọ̀ tó ń lọ sí Ìdó yóò gbé wá fún ọ lónìí pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kùn ún sí orí wáyà fìríìjì abẹ́rẹ́ àti sí etí ihò rẹ̀, kí o sì fi han ẹni tó ń gbálẹ̀, kí o pè é ní orúkọ rẹ̀, kí o sọ ìdí rẹ̀ fún un. Èkejì: má gba ohunkóhun gbọ́ títí wàá fi fọwọ́ kàn án. Yọ irin tó wà nínú fìríìjì abẹ́rẹ́, dì í mú nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ, kí o wo ojú kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá ń gbóná níbẹ̀ ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ọwọ́ rẹ kò lè ṣì í mọ̀.

Mo ti parí ọ̀rọ̀ wáyà. Jọ̀wọ́ lọ bu omi mu, kí o tó ka èyí tó kù.

Ní ọdún tí mo fẹ́ ìyá rẹ, wọ́n rán mi láti dá abọ́ padà fún àwọn tó yá ìjọ ní abọ́ nígbà ìkórè. Bí mo ṣe gbà wọ́n ní ilé kọ̀ọ̀kan ni mo ṣe tò wọ́n léra, mo sì gbàgbé pé èyí tí mo kọ́kọ́ gbà ló wà nísàlẹ̀. Láti òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn, láti ilé àkọ́kọ́ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin mẹ́rin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀kan ní, "Ọkọ ìyàwó, abọ́ tí mo yá yín ò jò. Èyí tí ẹ gbé fún mi yìí, ọbẹ̀ ń gba ìdí rẹ̀ lọ sóko." Ìyá rẹ kò bá mi wí lójú wọn. Ó kàn dojú àwọn abọ́ náà délẹ̀, ó wo ìdí wọn, ó sì pín wọn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló wá wò mí, ó ní, "Ṣé wọn ò kọ́ yín ní yunifásítì pé abọ́ ní ìdí ni?"

O ti gbọ́ ìtàn yẹn rí, ìyá rẹ kì í jẹ́ kí àlejò lọ láì gbọ́ ọ. Èyí tí ò ń bọ̀ wá kà yìí, òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí.

Kí n tó lọ sí yunifásítì, iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ni yíyẹ kòkó wò ní Òrìn-Èkìtì. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo wọ ṣòkòtò funfun, mo sì rò pé mo gbọ́n. Ní ọjọ́ ọjà, àwọn àgbẹ̀ á kó àpò kòkó wọn wá. Màá bu ẹ̀kúnwọ́ láti inú àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú agolo, màá to àwọn agolo náà sórí bẹ́ǹṣì bí wọ́n ṣe dé, màá sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé: ẹni kìíní, ẹni kejì, títí lọ. Lẹ́yìn náà ni màá fi ọ̀bẹ la kòkó náà ní kọ̀ọ̀kan láti wo inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ògúnléye ló kọ́kọ́ dé. Agolo rẹ̀ ni mo gbé síwájú. Mo ti to agolo mẹ́jọ tán nígbà tí òjò dé. Mo sá kó wọn wọlé. Àwọn tó wà ní ìparí bẹ́ǹṣì ló sún mọ́ ilẹ̀kùn, àwọn ni mo kọ́kọ́ kó. Mo tò wọ́n sí ẹsẹ̀ ògiri bí mo ṣe ń kó wọn wọlé. Mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wà níwájú, mo là á, inú rẹ̀ ti bu látòkèdélẹ̀. Mo wo ìwé mi. Mo pariwo láàárín ọjà pé, "Ẹni kìíní! Bàbá Ògúnléye! Òbu kòkó!"

Bọ́sẹ̀dé, ìdílé tó ń bọ Ògún ni wọ́n. Bàbá náà rìn wá sọ́dọ̀ mi nínú òjò. Ó gba ọ̀bẹ tí mo fi la kòkó lọ́wọ́ mi, ó fi ahọ́n kàn án níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì dá a padà fún mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó bá fi ahọ́n kan irin lórí irọ́, ikú ló ń pè. Èmi, ọmọ ilé-ìwé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ìwé kì í purọ́." Mo sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí àpò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kí ó kó wọn padà sílé.

Nígbà tí ọjà tú, mo ń kó àwọn agolo nílẹ̀. Agolo kan wà tí etí rẹ̀ ti tẹ̀, èyí tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo. Ó wà ní ìparí ìlà. Mo tún la kòkó tó kù nínú rẹ̀. Kòkó tó dára jù ní ọjà lọ́jọ́ náà ni.

Mo mọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò sọ. Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí ìwé. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò lé mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọjá kí n tó lọ sílé bàbá náà. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ní kòkó rẹ̀ dára. Ó ní, "Ẹnu tí o fi pè é ní òbu láàárín ọjà, ṣé inú ulé mi ni o fẹ́ fi pè é ní rere?"

Mo ní, "Bàbá, ní ọjà tó ń bọ̀, màá sọ ọ́ níbẹ̀."

Ó ní, "Ó dáa. N ó wá gbọ́ ọ."

Kí ọjọ́ ọjà náà tó pé, wọ́n gbé mi lọ sí ìlú mìíràn. Mo lè padà wá. Mọ́tò wà. N kò wá. Lẹ́yìn náà ni yunifásítì pè mí, mo lọ. Mo gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan pé bàbá náà wọ aṣọ ìlékè rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà náà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì dúró títí ọjà fi tú. Ó ti kú báyìí, kò sì sí ẹni tó tún orúkọ rẹ̀ ṣe fún un.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tí mo jìn sí, mo fi ewé bò ó. Ìdí nìyẹn tí èmi fúnra mi fi tún jìn sínú irú rẹ̀ nígbà tí mò ń pín abọ́. Àṣìṣe tí ènìyàn bá fi pamọ́ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́, àní ẹni tó ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, Àyìnkẹ́.

Lọ́la, ọjọ́rú, lẹ́yìn iṣẹ́, lọ sílé Màmá Abẹ́rẹ́. Kúnlẹ̀. Sọ ọ́ fún un kí ó tó gbọ́ ọ níwájú ìgbìmọ̀. Bí ó bá bú ọ, gbọ́ ọ. Bí ó bá sunkún, má sọ fún un pé kó má sunkún. Má sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ náà parí sí yàrá rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ inú yàrá dára, ṣùgbọ́n kò tó. Níbi tí wọ́n ti ba orúkọ ènìyàn jẹ́ la ti ń tún un ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní kí wọ́n jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Mú ojú ìwé méjèèjì dání. Mo ti dá wọn padà sínú àpò. Ọ̀gá yín ka ojú ìwé kan, ó gbàgbé pé ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí iná tó lọ, fìríìjì abẹ́rẹ́ wà ní márùn-ún, fìríìjì yìnyín wà ní méjìdínlógún sí ìsàlẹ̀ òdo. Ní ìṣẹ́jú tí iná dé, ti abẹ́rẹ́ di mẹ́rìndínlógún sí ìsàlẹ̀ òdo, ti yìnyín sì di mẹ́fà. Bi wọ́n léèrè: nígbà tí kò sí iná, ṣé fìríìjì ń dì ni, àbí ó ń yọ́? Kí ló dé tí ọ̀kan fi dì, tí èkejì sì yọ́, ní ìṣẹ́jú kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí èkejì ti dìde? Lẹ́yìn náà, tan kọ̀ǹpútà níwájú wọn, ti àwọn wáyà bọlé ní ọ̀nà méjèèjì, kí ojú wọn rí i. Ẹ̀rọ kò purọ́ lóòótọ́. Ó sọ bí ohun tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ṣe tutù tó. Ìwọ lo kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn. Nítorí náà, má sọ pé, "Kọ̀ǹpútà ló ṣe é." Sọ pé, "Èmi ni."

Kí o tó jókòó, ní kí wọ́n mi ìgò wò, bí Màmá ti wí. Àwọn ìyá tó fi ẹsẹ̀ rìn láti oko wá, wọ́n ṣì wà nílé pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́.

Wọ́n lè ní kí o máa lọ. N kò ní tàn ọ́ jẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, yàrá rẹ wà, mo sì ti bá ọ gbá a.

Ohun kan ló kù. Ọjọ́ ọjà Òrìn bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ yìí. Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọ Bàbá Ògúnléye, tó ń kó kòkó wá síbẹ̀ títí di òní, pé mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ láàárín ọjà nípa bàbá rẹ̀. Ó ní kí n máa bọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti pẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí bí ó ṣe ń bà ọ́. Ní wákàtí tí ìwọ bá dìde níwájú ìgbìmọ̀, mọ̀ pé èmi náà wà lórí ẹsẹ̀. Òrìn kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ. Bí mo bá ṣe tán, màá gun ọ̀kadà wá, kí a jọ jẹun.

Màá sọ ti Òrìn fún ìyá rẹ lẹ́yìn tí mo bá di lẹ́tà yìí tán. Tìrẹ, ìwọ ni kí o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tọrọ kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí, kò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé abọ́ kékeré tí o fi ń jẹun ní ọmọdé jáde, ó nù ún, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì mi, ó sì lọ. Mo rò pé ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ ni. Ojú ìṣó kan ṣoṣo tí mo lù sí ìdí rẹ̀ ní ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni
Bàbá rẹ, tí yóò wà ní Òrìn.